Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ta Ni Ó Ń Yìnbọn fún Àgbàdo?

Láti ìgbà tí a ti mẹ́nu ba àgbàdo TELA, ìyẹn àgbàdo tí wọ́n fi jíìnì àjèjì sí kí ìdin má bàa jẹ ẹ́, nínú abala yìí ni lẹ́tà ti ń wọlé láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀yọ́ àti àwọn abúlé tí ó wà láàárín wọn. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó kọ̀wé kò béèrè bóyá ó dára tàbí kò dára. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń ṣe é gan-an, ìyẹn irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ti jíìnì àjèjì wọ inú àgbàdo, ìrẹsì, ọkà bàbà àti àlìkámà. Inú mi dùn sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, nítorí ariwo tí à ń pa lórí ọ̀rọ̀ yìí nílẹ̀ wa ti pọ̀ ju àlàyé lọ. Mo mú márùn-ún nínú àwọn lẹ́tà náà.

*Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi tí ó ń kàwé sọ fún mi pé ìbọn ni wọ́n fi ń yin àgbàdo kí jíìnì tuntun tó wọ inú rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni mo ti ń gbin àgbàdo, n kò tíì rí ẹni tí ó yìnbọn lóko àgbàdo rí, àfi ẹni tí ó ń lé ọ̀bọ. Ṣé òótọ́ ni, àbí ọmọ náà ń fi bàbá rẹ̀ ṣeré?*
— Àgbẹ̀ kan, ọ̀nà Ìkòyí-Ilé, Ògbómọ̀ṣọ́

Bàbá, ọmọ yín kò fi yín ṣeré. Ìbọn ni lóòótọ́, kódà ẹ̀tù ni wọ́n kọ́kọ́ ń kì sínú rẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe àgbàdo tí ó dúró lóko ni wọ́n ń yìn ín fún, ọta rẹ̀ kò sì ṣeé fi ojú lásán rí.

Jíìnì ni àṣẹ tí ewéko jogún lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀, tí ó ń sọ fún un pé kí ó ga tàbí kí ó kúrú, kí hóró rẹ̀ pọ́n tàbí kí ó funfun. Okùn tín-ín-rín kan tí wọ́n ń pè ní DNA ni ó gbé àṣẹ náà, inú sẹ́ẹ̀lì, yàrá tín-ín-rín tí a fi kọ́ ara ohun alààyè, sì ni okùn yìí wà. Ìyọnu ẹni tí ó bá fẹ́ fi àṣẹ tuntun kún un ni pé sẹ́ẹ̀lì ewéko ní ògiri líle tí ó yí i ká, èyí tí sẹ́ẹ̀lì ara ènìyàn kò ní. Ní nǹkan bí ọdún 1983, John Sanford, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ mímú irúgbìn sunwọ̀n sí i ní Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà, ń wá ọ̀nà tí yóò fi gba inú ògiri yìí kọjá láìpa sẹ́ẹ̀lì náà. Òun àti Edward Wolf tí ó jẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn sí àlùbọ́sà. Ohun tí wọ́n fi ṣe ọta ni ẹ̀rún tọ́ǹgístìnì, irin tí ó máa ń pọ́n yòò nínú gílóòbù iná àtijọ́. Ìdí tí ó fi jẹ́ àlùbọ́sà kò ṣòro láti mọ̀: bí ẹ bá bó àlùbọ́sà, ẹ óò rí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan lára ìpele kọ̀ọ̀kan, sẹ́ẹ̀lì inú awọ yẹn sì tóbi débi pé awò kékeré ti ilé-ẹ̀kọ́ girama lè fi wọ́n hàn. Lọ́dún 1987 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Nature pé ẹ̀rún náà wọlé, sẹ́ẹ̀lì sì wà láàyè.

Ti òde òní ti yàtọ̀. Gáàsì hílíọ̀mù ti gba ipò ẹ̀tù, wúrà sì ti gba ipò tọ́ǹgístìnì, nítorí wúrà kì í dípẹtà, kì í sì í pa sẹ́ẹ̀lì lára. Ẹ má jẹ́ kí wúrà yẹn dá yín lọ́rùn o, Bàbá: bí a bá to ẹgbẹ̀rún kan nínú ẹ̀rún rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, gígùn wọn kò ní ju mìlímítà kan lọ. Omi iyọ̀ kálísíọ̀mù ni wọ́n fi ń mú kí DNA lẹ̀ mọ́ wúrà yìí. Wọn a kán an sórí pélébé rọ́bà kan, wọn a jẹ́ kí ó gbẹ bí ẹ̀kọ ṣe ń gbẹ mọ́ etí igbá, wọn a sì gbé pélébé náà sínú ẹ̀rọ tí kò tóbi ju àpótí tẹlifíṣọ̀n kékeré ayé àtijọ́ lọ. Wọn a fa afẹ́fẹ́ inú ẹ̀rọ náà jáde, nítorí pé lójú ohun tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ lásán dà bí ẹrẹ̀ tí ènìyàn ń fẹsẹ̀ wọ́. Gáàsì a máa kún lẹ́yìn ìdérí kan títí agbára rẹ̀ yóò fi bẹ́ ìdérí náà, pòò! Pélébé a fò, a lọ gbá àwọ̀n wáyà, ibẹ̀ ni òun dúró sí. Wúrà ni ó gba ojú àwọ̀n kọjá, tí ó lọ rọ́ lu àwọn ọlẹ̀ àgbàdo, ìyẹn ọmọ tí ó wà nínú hóró, tí wọ́n tò sínú àwo nísàlẹ̀.

Lọ́dún 1990 ni àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà rí àgbàdo àkọ́kọ́ tí ó ti ọwọ́ ìbọn yìí jáde, tí ó dàgbà, tí ó sì bí hóró tí ó lè hù. Àlìkámà tẹ̀ lé e lọ́dún 1992. Àléébù ìbọn ni pé kì í ṣe jẹ́jẹ́. Ó máa ń ṣẹ́ okùn DNA sí wẹ́wẹ́, ó sì lè da ẹ̀dà jíìnì kan náà bíi mẹ́wàá sójú kan. Ewéko kì í gba irú àpọ̀jù bẹ́ẹ̀ láyè; lọ́pọ̀ ìgbà ńṣe ni ó máa ń pa gbogbo wọn lẹ́nu mọ́. Bí ẹ bá sì bi èmi, ìbọn ni ó rọrùn jù nínú iṣẹ́ náà. Ibi tí iṣẹ́ ti le ni ẹni tí ó kọ lẹ́tà kejì yìí ń béèrè.

*Ìwé wa sọ pé Agrobacterium ni irinṣẹ́ tí ó dára jù fún gbígbé jíìnì sínú ewéko, ó tún sọ níwájú pé kò fẹ́ràn ìdílé ọkà. Síbẹ̀ mo kà á pé òun ni wọ́n ń lò fún àgbàdo àti ìrẹsì báyìí. Èwo ni ká gbà gbọ́?*
— Akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn, Ògbómọ̀ṣọ́

Méjèèjì ni kí ẹ gbà gbọ́, nítorí pé ọdún tí ó wà láàárín wọn ni ìwé yín fò.

Bakitéríà, ẹ̀dá kékeré tí kò ṣeé fi ojú lásán rí, ni Agrobacterium, inú ilẹ̀ ni ó sì ń gbé. Bí ewéko bá ní ojú ọgbẹ́, a gba ibẹ̀ wọlé, a sì ti ègé DNA tirẹ̀ wọ inú sẹ́ẹ̀lì onílé. Ègé náà ní iṣẹ́ méjì: ó ń mú kí ibẹ̀ wú bíi kókó, ó sì ń mú kí ewéko máa se oúnjẹ kan tí bakitéríà mìíràn tí ó mọ̀ ọ́n jẹ kò pọ̀. Àlejò ni ó wọlé tán tí ó wá ń pàṣẹ ohun tí wọn yóò máa sè nínú ilé. Láti ọdún 1907 ni Smith àti Townsend ti fi hàn ní Amẹ́ríkà pé bakitéríà ni ó ń fa kókó náà. Nígbà tí ó di ọdún 1983, ẹgbẹ́ Mary-Dell Chilton ní Amẹ́ríkà àti ti Marc Van Montagu pẹ̀lú Jeff Schell ní Yúróòpù ti mọ bí a ṣe ń yọ àṣẹ tí ó ń fa kókó kúrò, tí a ó sì fi jíìnì tí ó wù wá sí àyè rẹ̀. Ẹrù ni wọ́n pààrọ̀; ẹni tí ó ń gbé e kò yí padà.

Tábà ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe é, ó sì rọrùn. Bí a bá gé ewé tábà wẹ́wẹ́, ojú ọgbẹ́ rẹ̀ a máa tú àwọn èròjà kan jáde tí bakitéríà ń gbọ́ bí ajá ṣe ń gbọ́ òórùn ẹran; bí a bá sì gbé ègé ewé náà sórí oúnjẹ tí ó yẹ, igi tábà tuntun lè ti etí rẹ̀ hù. Ẹ gé ewé àgbàdo bẹ́ẹ̀ kí ẹ wò ó. Yóò gbẹ ni. Sẹ́ẹ̀lì ewé àgbàdo tí ó ti dàgbà kò ṣetán láti padà di ọmọdé, òórùn ọgbẹ́ rẹ̀ kò sì tó láti pe bakitéríà náà.

Àwọn ará Japan ni wọ́n yanjú ìṣòro yẹn. Hiei àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe é fún ìrẹsì lọ́dún 1994, Ishida àti àwọn tirẹ̀ ṣe é fún àgbàdo lọ́dún 1996. Wọ́n fi acetosyringone, ọ̀kan nínú àwọn èròjà tí ọgbẹ́ tábà máa ń tú jáde, sínú àwo kí bakitéríà lè rò pé ọgbẹ́ gidi ni òun rí. Wọ́n tún pa ewé tì. Apá kan lára ọlẹ̀ inú hóró ìrẹsì ni wọ́n mú kí ó di ìṣùpọ̀ sẹ́ẹ̀lì kí wọ́n tó lò ó. Ti àgbàdo, ọlẹ̀ tí kò tíì gbó ni wọ́n lò.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọlẹ̀ yìí. Bí a bá ti fi àtíkè akọ sí irùkẹ̀rẹ̀ àgbàdo, ọjọ́ 10 sí 13 ni a ń dúró kí a tó ká a. Àgbàdo tí ó ti tó sun ti gbó jù, kò wúlò fún iṣẹ́ yìí mọ́. Ní ọjọ́ 10 sí 13 yẹn, omi ṣì ni ó kún inú hóró. Ọ̀bẹ mímú ni a fi ń bẹ́ orí hóró kọ̀ọ̀kan, a ó ki ẹnu irin tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú rẹ̀, a ó sì yọ ọlẹ̀ tí kò gùn ju mìlímítà kan sí méjì lọ, funfun báláú, tí ó mọ́ra bíi wàrà tí ó dì. A ó gbé e kalẹ̀ kí ẹ̀gbẹ́ tí ewé àti gbòǹgbò ìbá ti yọ kọjú sí oúnjẹ inú àwo, kí ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó rí bí apata kọjú sókè. Ẹni tí ó bá gbé e kalẹ̀ lódìkejì kò ní rí ju àgbàdo lásán tí ó ń hù lọ. Nínú oúnjẹ náà, tí ó dì bí ẹ̀kọ, oògùn 2,4-D wà níbẹ̀. Ìyẹn oògùn kan náà tí àwọn bàbá wa ń fín láti pa koríko nínú oko àgbàdo. Ní ìwọ̀nba kékeré, ńṣe ni ó máa ń dà á rú mọ́ ọlẹ̀ lójú, tí kò fi ní mọ̀ pé ó yẹ kí òun hù, tí yóò máa bí sẹ́ẹ̀lì lé sẹ́ẹ̀lì títí yóò fi di ìṣùpọ̀. Láti ara ìṣùpọ̀ yẹn ni a ti ń tọ́ igi àgbàdo tuntun dìde.

Mo ṣe iṣẹ́ yìí rí fún ìgbà díẹ̀ ní yàrá ìwádìí kan tí n kò ní dárúkọ. Ọlẹ̀ tí ó lé ní irinwó ni mo fi ọjọ́ méjì yọ, ọrùn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣeé yí. Lópin ọ̀sẹ̀ iná lọ, kò sẹ́ni tí ó tan jẹnẹrétọ̀, ooru mú nínú yàrá náà, nígbà tí a ó sì fi dé lọ́jọ́ Ajé, èbu aláwọ̀ ewé ti bo gbogbo àwo. Bí mo bá gbọ́ tí ẹnikẹ́ni ń sọ pé owó ìbọn ni ó ń dá wa dúró, iná yẹn ni mo máa ń rántí.

Bí gbogbo rẹ̀ bá lọ déédéé, díẹ̀ nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ni ó gba jíìnì wọlé, a sì gbọ́dọ̀ ṣà wọ́n. Ọ̀nà tí ó wọ́pọ̀ ni kí a fi jíìnì kejì tí ó lè borí oògùn apakoríko tàbí oògùn apabakitéríà kan ṣe ẹnìkejì èyí tí a fẹ́, kí a sì da oògùn náà sínú oúnjẹ wọn. Ọ̀nà mìíràn tí mo fẹ́ràn jù ni ti ṣúgà mánóòsì. Sẹ́ẹ̀lì àgbàdo kò mọ ṣúgà yìí lò. Èyí tí ó bá gba jíìnì tí ń yí i padà ni yóò yó, ebi yóò sì dá àwọn yòókù dúró. Lẹ́yìn èyí, bakitéríà a máa fi ẹ̀dà kan tàbí méjì péré sílẹ̀, létòlétò. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi yàn án ju ìbọn lọ.

Ìṣòro tí ó pẹ́ jù ni pé ìwọ̀nba ẹ̀yà àgbàdo ni ọlẹ̀ rẹ̀ gbà láti di ìṣùpọ̀ tí ó lè hù. Ẹ̀yà A188 tí Ishida lò gbà. Ọ̀pọ̀ ẹ̀yà tí àgbẹ̀ ń gbìn kò gbà. Lọ́dún 2016 ni àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà kan fi hàn pé bí a bá fi jíìnì méjì tí àgbàdo fúnra rẹ̀ ní, Baby boom àti Wuschel2, ránṣẹ́ pẹ̀lú èyí tí a fẹ́, wọ́n lè jí sẹ́ẹ̀lì àwọn ẹ̀yà olórí kunkun náà dìde. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ yọ méjèèjì kúrò tí wọ́n bá ti ṣiṣẹ́ wọn tán, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ igi náà kò ní dàgbà bí ó ti yẹ.

*Ẹ̀kọ ni mò ń tà. Oníbàárà mi kan ní kí n má ra àgbàdo tuntun yẹn, pé kòkòrò wà nínú rẹ̀ tí kì í kú bí a bá sè é. Ẹlòmíràn ní wúrà ni. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ó wà nínú rẹ̀?*
— Ìyá ẹlẹ́kọ, Owódé, Ọ̀yọ́

Ẹ kú ọjà, Ìyá. Ì bá wù mí kí wúrà wà nínú ògì yín, àmọ́ kò sí. Ọlẹ̀ inú àwo ni wọ́n ṣiṣẹ́ lé lórí. Ọmọ-ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni ó ń dé ọjà, ẹ̀rún wúrà kò sì lè bímọ. Bakitéríà tí ó gbé jíìnì wọlé náà kò sí níbẹ̀ mọ́, nítorí oògùn ni wọ́n fi ń pa á nínú àwo kí àgbàdo tó hù.

Ohun tí ó kù nínú àgbàdo TELA ni jíìnì fúnra rẹ̀ àti purotéènì tí ó ń ṣe. Jíìnì tí ó ń gbógun ti ìdin wá láti ara Bacillus thuringiensis, bakitéríà inú ilẹ̀ tí Ishiwata rí lára kòkòrò sílíìkì ní Japan lọ́dún 1901. Purotéènì náà máa ń lẹ̀ mọ́ inú ìfun ìdin tí ń jẹ ewé àti èyí tí ń lu igi àgbàdo, a sì lu ìfun náà. Ìfun ènìyàn kò ní ibi tí ó lè lẹ̀ mọ́, iná tí ẹ fi ń se ẹ̀kọ sì máa ń bà á jẹ́. Ní ti jíìnì, kò sí ewédú, kò sí ẹja, kò sí ẹ̀wà tí ẹ jẹ rí tí kò ní ẹgbàágbèje rẹ̀.

Oṣù kẹwàá ọdún 2021 ni àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń mójú tó ààbò irúgbìn báyìí, NBMA, fi ọwọ́ sí i. Oṣù kìíní ọdún 2024 ni wọ́n forúkọ ẹ̀yà mẹ́rin sílẹ̀, SAMMAZ 72T títí dé 75T, tí ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn ní Zaria jẹ́ olórí nínú iṣẹ́ wọn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó ń tà á fún yín bí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tí ẹ ń rà. Ẹ̀tọ́ yín ni. Ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

*Ṣé CRISPR kò ti sọ ìbọn àti bakitéríà di ohun àtijọ́?*
— Olùkọ́ bàọ́lọ́jì, Ọ̀yọ́

Rárá, ọ̀gá. Abẹ́ tí a fi ń gé DNA níbi tí a bá fẹ́ gan-an ni CRISPR tí Jennifer Doudna àti Emmanuelle Charpentier ṣàlàyé rẹ̀ lọ́dún 2012, tí wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel lé lórí lọ́dún 2020. Abẹ́ kò lẹ́sẹ̀. Ẹnì kan ṣì gbọ́dọ̀ gbé e wọ inú sẹ́ẹ̀lì, ìbọn tàbí bakitéríà náà ni. Kódà CRISPR ti sọ ìbọn di ọ̀dọ́ padà: a lè lẹ abẹ́ náà fúnra rẹ̀ mọ́ wúrà láìsí DNA kankan, kí ó wọlé, kí ó gé ibi tí ó fẹ́ gé, kí sẹ́ẹ̀lì sì jẹ ẹ́ tán. Wọ́n ṣe é fún àgbàdo lọ́dún 2016. Bakitéríà kò lè ṣe irú rẹ̀ wẹ́rẹ́, DNA ni ẹrù tirẹ̀.

*Gbogbo yín, àgbàdo, àgbàdo. Kí ni ọkà bàbà ṣe fún àwọn onímọ̀ yìí tí wọn kò dárúkọ rẹ̀?*
— Oníṣòwò ọkà, ọjà Akẹ̀sán, Ọ̀yọ́

Wọ́n ti dárúkọ rẹ̀, òun ni ó ń bá wọn jà. Ìbọn gba ọkà bàbà lọ́dún 1993, bakitéríà gbà á lọ́dún 2000, àmọ́ ó wà lára àwọn tí ó le jù nínú ìdílé ọkà. Ẹ wo poroporo rẹ̀ tí a máa ń sè fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. Irú àwọ̀ pupa tí ń jáde nínú omi yẹn kan náà ni ọlẹ̀ ọkà bàbà máa ń tú sínú oúnjẹ rẹ̀ bí ọ̀bẹ bá ti kàn án. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, oúnjẹ tí ó mọ́ gaara a pọ́n, a dúdú, a sì di májèlé fún ọlẹ̀ tí ó tú u jáde. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n ń da èédú lílọ̀ tàbí èròjà mìíràn tí ń fa àwọ̀ náà mu sínú oúnjẹ, wọ́n sì ń gbé ọlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láti inú àwo kan sí òmíràn kí ilẹ̀ tó pọ́n lábẹ́ rẹ̀.